Kòkó Kì Í Pa Ajá

Ará Oǹdó ni mí, n kò sì jẹ ajá rí. Mo mọ̀ pé ẹ ò gbà mí gbọ́. Kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́ láti ọjọ́ tí mo ti dé Àkúrẹ́ wá ṣiṣẹ́ ìjọba. Ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò sì jẹ́ kí ẹran náà kọjá ẹnu ọ̀nà ilé. Èmi fúnra mi, bí mo bá gbọ́ òórùn rẹ̀ nígbà ọdún Ògún, ṣe ni mo máa ń di imú. Ṣùgbọ́n bí o bá ti jẹ́ ọmọ Oǹdó, bí ìkòkò ọbẹ̀ bá ti hó nílé rẹ, àwọn aládùúgbò á kọ́kọ́ ka ajá wọn ná.

Ìdí nìyí tí àyà mi fi já nígbà tí Ọ̀gá Adélaní ránṣẹ́ pè mí. Òun ni olórí ẹ̀ka tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì, ọmọ Ọ̀wọ̀, ọkùnrin kan tó jẹ́ pé bó bá ní kí o jókòó, ìdúró ló máa wù ọ́. Ìjọba ń rán an lọ sí ìlú òyìnbó fún kọ́ọ̀sì, ìyàwó rẹ̀ sì ń bá a lọ. Ó ní kí èmi àti ìyàwó mi kó wá sí bọ́ìsì-kọ́tà òun ní Alágbàká, kí a máa ṣọ́ ilé, kí a máa bomi rin òdòdó ìyàwó òun, kí a sì máa tọ́jú Jọ́ọ̀jì. Ajá rẹ̀ ló ń jẹ́ Jọ́ọ̀jì.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n sà, ẹ mọ̀ pé ọmọ Oǹdó ni mí."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "A ní kí arúgbó gbọ́mọ pọ̀n, ó ní òun ò léyín. Ṣé a ní kó gé e jẹ ni, Bísọ́dún?"

"Rárá, sà."

"Bí mo bá dé, tí mo bá Jọ́ọ̀jì láàyè, orúkọ rẹ ni màá kọ́kọ́ fi sílẹ̀ fún ìgbéga. Bí n kò bá bá a…" Ó kàn wo ikùn mi.

Mo délé, mo ròyìn fún Kíkẹ́ ìyàwó mi. Ọmọ Ìjọ̀mù ni, ní Àkúrẹ́ níbí, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní, "Ulé la fẹ́ lọ ṣọ́ ni, àbí orúkọ yín? Torí ulé rọrùn láti ṣọ́."

Ìgbà náà le. Ìgbà Sáàpù ni, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba fi fún wa lọ́rùn, nígbà tí owó oṣù di ohun tí a fi ń pa àlọ́. Ẹran di ohun tí èèyàn ń rí lójú àlá. Àwọn ọ̀gá ńláńlá ní Alágbàká, tí wọ́n ń gé koríko iwájú ilé wọn lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ tẹ́lẹ̀, ti tú u, wọ́n ti gbin ẹ̀gẹ́ sí i, tẹ̀tẹ̀ sì ti wà lábẹ́ fèrèsé pálọ̀. Róòsì ìyàwó Ọ̀gá nìkan ló kù tó jẹ́ òdòdó ní gbogbo òpópónà wa. Ajá àdúgbò náà sì ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba: kì í ṣe ará Oǹdó ló jẹ gbogbo wọn.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wa ni Mama Jesse ń gbé, obìnrin Ìkàrẹ́, ìyàwó ẹnjiníà kan. N kò mọ ẹni tó fi í ṣe ọlọ́pàá mi. Láràárọ̀, bí mo bá ń fọ eyín, orí rẹ̀ á yọ lókè ọgbà.

"Bàbá Jọ́ọ̀jì, ẹ kú àárọ̀ o. Ọmọ wa dà?"

Màá ní ó wà lẹ́yìn ilé. Á ní òun ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Màá pe Jọ́ọ̀jì. Ajá pupa gbàǹgbà ni, etí rẹ̀ kan dúró, èkejì dùbúlẹ̀, oorun ló sì fẹ́ràn ju ohun gbogbo lọ. Kò ní dáhùn. Báyìí ni èmi, òṣìṣẹ́ ìjọba tó kàwé, á máa bẹ ajá pé kó jọ̀wọ́ gbó. Bó bá gbó tán, Mama Jesse á yin Olúwa lógo, á sì padà wọlé.

Èyí tó burú jù ni ti agolo. Ọ̀gá fi páálí oúnjẹ ajá kan sílẹ̀, oúnjẹ inú agolo láti òkè òkun, wọ́n ya àwòrán ajá sí i lára. Mama Jesse bá mi níbi tí mo ti ń ṣí ọ̀kan. Agolo sàdín-ìn, àwòrán ẹja ló wà lára rẹ̀, ẹja ló sì wà nínú rẹ̀. Agolo tòmátò, bákan náà. Obìnrin náà wo àwòrán ajá yẹn, ó wo ṣíbí ọwọ́ mi, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo sẹkitéríàtì ti gbọ́ pé àwọn ará Oǹdó ti ń kó tiwọn wọlé láti ìlú òyìnbó.

Ní ọ́fíìsì, wọn ò kí mi mọ́ kí wọ́n má bi mí pé ṣé ó ti sanra tó. Akọ̀wé kan mú ata wá fún mi, ó dì í sínú ìwé ìròyìn, ó ní kí n má ṣàṣejù pẹ̀lú rẹ̀. Mo búra pé bí gbogbo Àkúrẹ́ bá kú tán, Jọ́ọ̀jì ò ní kú.

Mo fẹ́ràn ajá náà pẹ̀lú, kí n má parọ́. N kò ní in lọ́kàn láti fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, níbi tí wọ́n ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀, ẹni kan ṣoṣo tí kò bi mí ní ìlú tí mo ti wá nìyẹn. Á gbé orí lé àtẹ́lẹsẹ̀ mi bí mo bá jókòó, á sì máa hanrun.

Ọyẹ́ dé. Ẹ̀rọ omi ìjọba ti gbàgbé wa tipẹ́, kànga ni mo ti ń ru omi wá fún róòsì, bí mo bá sì da korobá kan sí i, ilẹ̀ á mu ún bí ọ̀mùtí. Àsìkò náà ni bàbá mi, Pa Adébùsóyè, wá wò wá láti Oǹdó.

Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi, àgbẹ̀ kòkó sì ni bàbá tó bí i. Kòkó ló kọ́ ilé wa, kòkó ló gbé ìyá mi níyàwó, kòkó ló rán wa níléèwé. Bí ikọ́ bá ń ṣe ọ́, Bàbá á ní kí o pọ́n omi kòkó tútù lá. Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn ọ́, á ní kí o lọ jókòó sábẹ́ igi kòkó kan fúngbà díẹ̀. O lè bú Bàbá fúnra rẹ̀ kó dárí jì ọ́, ṣùgbọ́n kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ àìdáa nípa kòkó. Ó dúró, ó ń wò mí bí mo ṣe ń ru korobá lọ, ru korobá bọ̀.

"Ṣé a kì í bo ebè lóko wa ni?" ló bi mí. "Bo ùdí òdòdó yẹn, kí oòrùn má rí ulẹ̀ rẹ̀. Ùwé tí o kà ò kọ́ ọ nìyẹn?"

Ó padà sí Oǹdó, ó sì tún dé pẹ̀lú àpò ńlá kan lórí ọkọ̀. Ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yan kòkó. Bí wọ́n bá yan hóró kòkó, èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan máa ń bó lára rẹ̀, wọ́n á sì kó o dànù. Bàbá kì í fẹ́ gbọ́ pé wọ́n ń da ohunkóhun nù lára kòkó. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ èèpo náà sí ìdí gbogbo róòsì, ó nípọn bíi tìmùtìmù, ó sì wọ́n omi lé e.

Ẹ ò rí nǹkan! Òórùn tíì gba gbogbo òpópónà. Àwọn tí kò mu tíì láti ọdún tó kọjá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n ń fa imú. Ilẹ̀ tutù, koríko ò hù mọ́, róòsì gbé orí sókè láàárín ọyẹ́. Mama Jesse fúnra rẹ̀ ní Bàbá mọṣẹ́. Ta ló wá fẹ́ràn èèpo náà jù? Jọ́ọ̀jì ni. Ó fi ibẹ̀ ṣe ibùsùn. Nígbà tó yá, ó ń jẹ ẹ́ wúruwùru bí ẹní ń jẹ gúgúrú. A rẹ́rìn-ín títí. Bàbá fi ọwọ́ pa á lórí, ó ní, "Ajá tó mọyì kòkó! Ọmọ Oǹdó lèyí."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá Jọ́ọ̀jì tó ń yí po lẹ́yìn ilé láìdúró. Ó ti bì. Ó mu gbogbo omi inú abọ́ rẹ̀, ó tún ń wá òmíràn. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, nígbà tí mo sì gbé ọwọ́ lé e láyà, ọkàn rẹ̀ ń sáré tó bẹ́ẹ̀ tí èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle. Orí Mama Jesse yọ lókè ọgbà.

"Kí lẹ fún un?"

"N kò fún un ní nǹkan kan."

Ó yíjú sí àwọn tó ń kọjá lọ síbi iṣẹ́. "Ẹ wá wò ó o! Ó ti ń fún un níyọ̀ sílẹ̀ de ìkòkò ọbẹ̀!"

Mo fi ìró Kíkẹ́ wé ajá náà, mo gbé e ká apá bí ọmọ, mo bọ́ sí títì. Ẹ fojú inú wò ó: ará Oǹdó, lójú pópó, láàárọ̀, pẹ̀lú ajá tí kò lè rìn. Takisí tó kọ́kọ́ dúró, àwọn èrò inú rẹ̀ ní àwọn ò bá ẹran wọ ọkọ̀. Nínú èkejì, obìnrin kan bi mí pé ọmọ ibo ni mí. Ìtìjú mú mi, mo ní ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí. Ìgbà tí mo ń sọ̀ kalẹ̀ ni awakọ̀ tẹnu bọ̀ mí létí, ó rọra sọ fún mi bí ará ilé ẹni ṣe ń sọ̀rọ̀ pé, "Ọmọ ìyá mi, mo gbọ́ ohùn ré. Ugbà wo ni ká yà wá jẹ ẹ́?"

Dókítà ẹranko tí mo bá, ọmọbìnrin kan ni, Dókítà Ọlábísí. Kò bi mí ní ìlú mi. Ó gbọ́ àyà Jọ́ọ̀jì, ó la ojú rẹ̀ wò, ó wá bi mí pé kí ló jẹ. Mo ka oúnjẹ rẹ̀ fún un. Mo tún fi kún un pé ó ń ṣeré pẹ̀lú èèpo kòkó tí a fi bo ìdí òdòdó.

Ó gbé orí sókè kíá. "Ó jẹ nínú rẹ̀?"

"Ó jẹ ẹ́ dáadáa, dókítà. Kò sí nǹkan nínú ìyẹn, kòkó ni."

"Kòkó gan-an ló ń ṣe é."

Gbogbo àwọn tó jókòó tì wá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kan tó mú ewúrẹ́ wá láti Ìjù ní, "Dókítà, ẹ má bà wá lórúkọ jẹ́. Ewúrẹ́ mi ń jẹ èèpo kòkó."

"Ewúrẹ́ kọ́ ni ajá, Bàbá." Ó kọjú sí mi. Ó ní nǹkan kan wà nínú kòkó tí ara èèyàn máa ń tètè tú dànù, ṣùgbọ́n tí ara ajá kì í lè tú. Á dúró sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á sì máa lé ọkàn rẹ̀ ní eré. Ó lọ ẹ̀ẹ̀dú kúnná, ó pò ó mọ́ omi, ó rọ ọ́ sí Jọ́ọ̀jì lẹ́nu. "Oògùn tó yẹ kí n fà sí i lára ti tán nílé ìwòsàn yìí láti ìgbà tí Sáàpù ti dé. Orí rẹ̀ ló máa yọ ọ́. Kó èèpo yẹn kúrò nílẹ̀ pátápátá. Bó bá tún fi ẹnu kan kòkó, ọkàn rẹ̀ ò ní gbà á."

Mo gbé Jọ́ọ̀jì délé, mo tẹ́ ẹ sórí àpò, mo mú ṣọ́bìrì. Bàbá dúró láàárín èmi àti róòsì.

"Kí lo fẹ́ fi uyẹn ṣe?"

Mo sọ ohun tí dókítà wí. N kò rí ojú Bàbá bẹ́ẹ̀ rí, àfi ọjọ́ tí ìyá wa kú. Ó ní, "Kòkó? Kòkó tí mo fi kọ́ ulí? Kòkó tó gbé ọ débi tí o fi mọ ẹni tó ń jẹ́ dókítà?"

"Bàbá, ti ajá ló ní ó yàtọ̀."

"Ọmọ ulú ibo ni dókítà yẹn?"

Kí n tó dáhùn, ó ti gbé àpótí síwájú ilé, ó sì ń ké sí àwọn èèyàn. Wọ́n wá. Nígbà Sáàpù, bí o bá ké sí èèyàn, wọ́n á wá, nítorí wọn ò mọ̀ bóyá o fẹ́ pín nǹkan. Bàbá bu èèpo kòkó sínú abọ́. Ó ní wọ́n ti fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kan kòkó nínú ilé yìí, òun sì fẹ́ kí gbogbo ayé dá ẹjọ́ náà. Ó bi wọ́n pé ta ló mọ ẹni tí kòkó pa rí.

Ọkùnrin Òkìtìpupa kan nawọ́. Ó ní òun mọ ẹnì kan tí igi kòkó wó lù.

"Igi nìyẹn," ni Bàbá wí. "Kì í ṣe kòkó." Gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀.

Ó bá bu ẹ̀kúnwọ́, ó jẹ ẹ́ ràkàràkà, ó fi omi lé e, ó ya ẹnu kí wọ́n lè rí i pé òun gbé e mì. "Ṣé mo kú?" Wọ́n ní kò kú. "Ṣé mo ń gbọ̀n?" Ó ń gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní àgbà ló ń ṣe é. "Ohun tí kò pa arúgbó, ṣé òun ló máa wá pa ajá tó lè sáré?" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n dá kòkó sílẹ̀ níwájú ilé Ọ̀gá Adélaní.

Mama Jesse bu díẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Mo rí i tí ìrònú kan gba ojú rẹ̀ kọjá. Ó lọ, ó sì dé pẹ̀lú ìkòkò. Ó sè é. Tíì ni! Ó dúdú, ó ń ta sánsán, ó sàn ju omi gbígbóná tí à ń mu láràárọ̀ lọ. Ẹ̀yin ará, ebi ò mọ ojú. Kí a tó ṣẹ́jú, wọ́n ti ń gbé abọ́ àti garawa bọ̀ láti ilé dé ilé. Àwọn tó ń gun mọ́tò ìjọba ń fi ọwọ́ họ ìdí róòsì, ohun tí ajá ti sùn lé ni wọ́n sì ń bù lọ sílé. Wọ́n ń fi gàárì mu ún. Mo dúró, mo ń wò wọ́n. N kò bínú rárá. Mo ní Ọlọ́run ló rán wọn, wọ́n ti bá mi kó èèpo kúrò nílẹ̀.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Jọ́ọ̀jì gbé orí sókè. Ìgbọ̀nrìrì náà ti rọlẹ̀. Ó lá ọwọ́ mi, ó jẹ ìrẹsì díẹ̀, ó sì mi ìrù nígbà tó rí Bàbá. Inú mi dùn débi pé mo kọ orin nílé ìwẹ̀. Láàárọ̀, kí Mama Jesse tó bèèrè, Jọ́ọ̀jì gbó fúnra rẹ̀. Mo lọ síbi iṣẹ́, Kíkẹ́ lọ sọ́jà, Bàbá ló kù sílé pẹ̀lú rẹ̀.

Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án, Bàbá jókòó lẹ́yìn ilé, ó di Jọ́ọ̀jì mọ́ àyà. Ajá náà ń ta bí ẹni tí iná mọ̀nàmọ́ná gbé. Abọ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó dúdú nínú, ó mọ́ tónítóní.

"Mo fún un ní tíì kòkó àná tó kù," ni Bàbá wí. "Mo rí i pé ara rẹ̀ ń le, mo ní kí n fi lé e kó yára. Gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ usàlẹ̀ ìkòkò ni mo bù fún un. Ó dùn mọ́ ọn, Bísọ́dún. Ó lá a tán."

Mo gba Jọ́ọ̀jì lọ́wọ́ rẹ̀, mo sáré. N kò dé géètì. Ó na ẹsẹ̀ gbọnrangandan ní apá mi, ó mí kan, kò sì mí mọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sì sunkún. Bàbá tẹ̀ lé mi wá, ó ń sọ pé kòkó kì í pa nǹkan, kòkó kì í pa nǹkan, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ títí n kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Àwọn èèyàn pé lé wa lórí. Ẹnì kan ní kí wọ́n wò ó bí ó ṣe ń sunkún, ó ní ẹran tó kú láìdúńbú ló ń dùn ún. Kíkẹ́ dé láti ọjà, ó lé gbogbo wọn sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká sin ín ní gbangba. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn rí ulẹ̀ tó wọ̀." A sì sin ín ní gbangba, lẹ́gbẹ̀ẹ́ róòsì. Bàbá ò jẹ́ kí n gbẹ́ kòtò náà, òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ, ó jìn ju bó ti yẹ lọ. Mama Jesse wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, ó ṣí ìró, ó ka ẹsẹ̀ Jọ́ọ̀jì, ó wo ìrù rẹ̀, ó ní ó pé. Ó dúró títí a fi kó iyẹ̀pẹ̀ bò ó tán.

Bàbá ò padà sí Oǹdó lẹ́yìn náà. Kò jẹun bó ti yẹ. Á jókòó ti ibi tí a sin Jọ́ọ̀jì sí, á máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ń dárúkọ àwọn ajá tó ti ní lóko, àwọn tí wọ́n kú tí ó sì rò pé ejò ló bù wọ́n jẹ tàbí pé ọ̀tá ló fún wọn ní májèlé. Ó ti bá aládùúgbò oko rẹ̀ kan yodì láti ìgbà èwe mi nítorí ọ̀kan nínú wọn. Lọ́jọ́ kan, ó bi mí pé, "Bísọ́dún, kí ni kòkó tún ti pa tí n kò mọ̀?" Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Bàbá ló ń bà mí lẹ́rù báyìí, kì í ṣe ti orúkọ mi mọ́.

Ọ̀gá Adélaní dé. Mọ́tò rẹ̀ ò tíì dúró tí ìyàwó rẹ̀ ti ń ké pé, "Ẹ wo róòsì mi! Ẹ wo róòsì mi!" Ọ̀gá ní tirẹ̀ ń súfèé. Ó pe Jọ́ọ̀jì. Ó tún un pè. Gbogbo òpópónà ti jáde síta, Mama Jesse wà níwájú. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ tipẹ́. Dókítà Ọlábísí á jẹ́rìí, ibojì wà níbẹ̀, gbogbo ayé ló sì rí i.

"Bísọ́dún," ni Ọ̀gá wí, "ajá mi dà? Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i?"

Kí n tó la ẹnu, Bàbá ti dìde lórí àpótí. Ó ṣí fìlà lórí, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú níwájú ọ̀gá mi, tó kéré sí i lọ́jọ́ orí jìnnà. Ó ní, "Ọ̀gá, èmi… kòkó mi ni…" Kò lè sọ ọ́. Gbogbo ayé rẹ̀ ló wà nínú gbólóhùn yẹn, ó sì fẹ́ dà á sílẹ̀ níwájú àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un, kí wọ́n lè fi rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Mo jẹ ẹ́, sà."

Kíá ni Mama Jesse, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ka ẹsẹ̀ Jọ́ọ̀jì nínú kòtò, ké jáde pé, "Mo wí! Ṣé mi ò wí bẹ́ẹ̀?" Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó bá wa sin ín ń mi orí. Ọkùnrin Òkìtìpupa yẹn ní òun tilẹ̀ gbóòórùn ọbẹ̀ náà lọ́jọ́ náà. Bàbá wò mí, omi kún ojú rẹ̀. Mo mi orí fún un pé kó jókòó, ó sì jókòó.

N kò rí ìbínú lójú Ọ̀gá. Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó gba èsì tó ti ń retí láti ọjọ́ tó ti kúrò nílé. A kò tún ní sọ̀rọ̀ ìgbéga mọ́, àwa méjèèjì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sún mọ́ mi, ó wo àwọn èèyàn lọ́tùn-ún lósì, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mọ òótọ́ ọ̀rọ̀, ó bi mí pé ṣé ó tiẹ̀ dùn.

Mo ní, "Ó dùn, sà."